Ta Ló Ń Dá Ẹmu? Tọkọtaya, Fàájì àti Iṣẹ́ láti Inú Igi Funfun dé Ìkẹjà òun Agége

Ó ṣòro láti rí ibòmíràn nínú ìtàn àròsọ ọmọ Yorùbá tí tọkọtaya ti jẹ, tí wọ́n ti mu, tí wọ́n sì fara balẹ̀ sinmi tó bí wọ́n ti ṣe nínú Igi Funfun tí Amos Tútùọlá fi sí àárín The Palm-Wine Drinkard, ìwé tí Faber and Faber tẹ̀ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1952. Ọ̀mùtí àti ìyàwó rẹ̀ ti rin ìrìn-àjò tó le koko, ojú wọn ti rí tó, kí ọwọ́ ńlá méjì tó yọ láti ara igi kan tó sì dá wọn dúró. Ìyá Olóòótọ́ ló gbà wọ́n sílé. Ilé ìwòsàn wà níbẹ̀ fún egbò ara wọn. Oúnjẹ wà, ọtí wà, gbọ̀ngàn ijó wà tó mọ́lẹ̀ yòò, àwọn alásè tí ọwọ́ wọn kì í dilẹ̀ sì wà ní ilé ìdáná. Wọ́n lò ju ọdún kan lọ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹsẹ̀ wọn tó wọlé, wọ́n ta ikú wọn ní £70:18:6d lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n sì yá ẹlòmíràn ní ẹ̀rù wọn fún èlé £3:10:0d lóṣooṣù. Nígbà tí wọ́n ń jáde, wọ́n gba ẹ̀rù wọn padà. Ikú kò ṣe é gbà padà, nítorí ọjà tí a ti tà ni.

Lámèyítọ́ kì í sábà dúró pẹ́ lẹ́nu ọ̀nà yẹn. Láti ìgbà tí ìwé náà ti jáde ni àríyànjiyàn ti gbòde lórí èdè Gẹ̀ẹ́sì tí Tútùọlá fi kọ ọ́. Lẹ́yìn èyí ni àwọn bíi Gerald Moore, nínú Seven African Writers (1962), kọ́ni láti kà á gẹ́gẹ́ bí ìrìn-àjò akọni lọ sí ìlú àwọn òkú àti àbọ̀ rẹ̀. Nílé ẹ̀kọ́, ìkìlọ̀ fún ọ̀mùtí ni a sábà máa ń sọ ọ́ dà. Kò sí èyí tí kò tọ́ nínú àwọn ìwòye wọ̀nyí, ṣùgbọ́n ìbéèrè kan ṣẹ́ kù tí ìtàn náà fúnra rẹ̀ gbé kalẹ̀ láti ojú ewé àkọ́kọ́: nígbà tí ẹni méjì bá jókòó ti oúnjẹ àti ẹmu, tí ọjọ́ sì ń lọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ta ló wà lórí ọ̀pẹ? Kò sí ibi tí ìbéèrè yìí ti le tó àgbègbè Ìkẹjà àti Agége, níbi tí oko ìgbafẹ́ àwọn ará Èkó ti di ọgbà ilé-iṣẹ́ láàárín nǹkan bí ọgọ́ta ọdún, tí ẹni tó ń ṣe ọtí àti ẹni tó ń mu ún sì ń gba ojú ọ̀nà kan náà lọ sílé.

Adẹ́mu tó kú ní Ọjọ́ Àìkú

Ìṣirò ni Tútùọlá fi bẹ̀rẹ̀ ìwé rẹ̀. Bàbá ọ̀mùtí fún un ní oko tó fẹ̀ ní máìlì mẹ́sàn-án níbùú lóròó, tí ọ̀pẹ 560,000 wà nínú rẹ̀. Adẹ́mu kan ṣoṣo ló ń tọ́jú rẹ̀. Agbè ẹmu 150 ló ń dá láàárọ̀; kí aago méjì ọ̀sán tó lù, ọ̀mùtí ti mu gbogbo rẹ̀ tán, adẹ́mu á sì tún lọ dá 75 mìíràn ní ìrọ̀lẹ́. Òǹkàwé máa ń rẹ́rìn-ín níbí, ó sì yẹ kó rẹ́rìn-ín, nítorí àsọdùn ni ẹwà àlọ́. Síbẹ̀ àsọdùn yìí ní ìrísí kan tí kò sí nínú àlọ́ ìjàpá: ìrísí ìwé àkọsílẹ̀ ilé-iṣẹ́. Iye ohun èlò wà níbẹ̀, iye òṣìṣẹ́ wà níbẹ̀, iye ohun tó jáde ní iṣẹ́ àárọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́ wà níbẹ̀. Kò yani lẹ́nu. Ìránṣẹ́ ni Tútùọlá ní ẹ̀ka ìjọba tó ń bójú tó ọ̀ràn òṣìṣẹ́ ní Èkó nígbà tó kọ ìwé náà. Ó ti kọ́ṣẹ́ alágbẹ̀dẹ, ó sì ti lo iṣẹ́ náà lọ́dọ̀ àwọn ọmọ ogun òfuurufú Gẹ̀ẹ́sì nígbà ogun àgbáyé kejì. Ẹni tí ń gbé fáìlì òṣìṣẹ́ láti yàrá kan sí èkejì ló kọ ìtàn ọkùnrin tí kò ṣiṣẹ́ kankan ju ẹmu mímu lọ.

Oṣù kẹfà lẹ́yìn ikú bàbá ọ̀mùtí, adẹ́mu lọ sóko ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó gun ọ̀kan nínú àwọn ọ̀pẹ tó ga jù lọ, ó já bọ́, ó sì kú sí ìdí ọ̀pẹ náà. Ọjọ́ tí Tútùọlá dárúkọ ni Sunday. Lédè Gẹ̀ẹ́sì, orúkọ ọjọ́ lásán ni. Bí a bá dá a padà sí èdè tí ìtàn náà ti wá, kò sí bí a ó ti sọ ọ́ tí kò ní dunni. Ọjọ́ Àìkú ni Yorùbá ń pè é, ọjọ́ náà ni adẹ́mu sì kú. Ọjọ́ Ìsinmi ni àwọn ọmọ ìjọ ń pè é, orí ọ̀pẹ ni adẹ́mu sì wà. Bóyá Tútùọlá mọ̀ọ́mọ̀ mú ọjọ́ yẹn tàbí kò mọ̀ọ́mọ̀, èdè ìyá rẹ̀ ti ṣe ìtúmọ̀ náà kí lámèyítọ́ tó dé. Láti ibẹ̀ sì ni ọ̀nà ti lọ tààrà sí ẹnu ọ̀nà Igi Funfun: adẹ́mu kú ní Ọjọ́ Àìkú kí ọ̀gá rẹ̀ lè mu, ọ̀gá rẹ̀ ta ikú tirẹ̀, ó di aláìkú, ó sì wọlé lọ jẹun.

Ohun tó tẹ̀lé ikú náà ni ibi tó burú jù nínú ìwé, ìwọ̀nba gbólóhùn díẹ̀ ló sì gbà. Ọ̀mùtí retí ẹmu títí, kò rí i. Ó mú ọ̀rẹ́ méjì lẹ́yìn, wọ́n lọ sóko, wọ́n bá òkú nílẹ̀. Kí ó tó ṣe ohunkóhun sí òkú náà, ó gun ọ̀pẹ mìíràn tó wà nítòsí, ó dá ẹmu, ó mu ún tẹ́rùn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tó gbẹ́ ilẹ̀ sí ìdí ọ̀pẹ tí wọ́n sì sin adẹ́mu. Àwọn tó ka ibí yìí sí àmì pé ọtí ti ba ọkàn ọ̀mùtí jẹ́ kò ṣìnà, ṣùgbọ́n wọ́n fojú fo kókó kan. Ọ̀mùtí mọ igbà á lò. Ó mọ ọ̀pẹ ọ́ gùn, ó mọ ẹmu ú dá. Síbẹ̀ kò yàn láti dúró sóko kí ó máa dá ẹmu fúnra rẹ̀. Ó wá adẹ́mu mìíràn, kò rí èyí tó lè dá iye tó ń fẹ́. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí kò níye wábi gbà. Ó sì yàn láti lọ wá òkú ní ìlú àwọn òkú ju pé kó gun ọ̀pẹ tirẹ̀ lọ. Ìdí tí ìrìn-àjò náà fi wáyé kì í ṣe òùngbẹ. Ipò ni. Ẹni tó ní oko kì í gun ọ̀pẹ.

Jennifer Wenzel súnmọ́ ọ̀rọ̀ yìí nínú iṣẹ́ rẹ̀ tó jáde ní 2006, níbi tó ti fi ìtàn Tútùọlá àti ti Ben Okri, “What the Tapster Saw”, sí ẹ̀gbẹ́ ọjà epo pupa àti epo rọ̀bì Nàìjíríà. Ó rí ọ̀pẹ gẹ́gẹ́ bí ohun tí ayé ń rà tí ayé ń tà, èyí sì jẹ́ ìlọsíwájú pàtàkì. Ohun tó kù láti fi kún un ni pé ẹmu yàtọ̀ sí epo. Epo ṣe é fi pamọ́, ó ṣe é kó sínú ọkọ̀ ojú omi. Ẹmu àárọ̀ á kan kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ mu ẹmu tó dùn lójoojúmọ́ gbọ́dọ̀ ní ẹnì kan tí yóò gun ọ̀pẹ lójoojúmọ́, títí kan Ọjọ́ Ìsinmi. Adùn ẹmu ló fi adẹ́mu sórí ọ̀pẹ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn.

Nígbà tí Kọ́lá Ògúnmọ́lá gbé ìtàn náà sórí ìtàgé ní Ìbàdàn ní 1963, tó sì dá a padà sí èdè Yorùbá, Lánkẹ́ Ọ̀mùtí ló di orúkọ tí gbogbo ayé fi mọ̀ ọ́n. Ẹni tó ń mu gba orúkọ, eré sì gba orúkọ mọ́ ọn lára. Nínú ìwé Tútùọlá, adẹ́mu kò lórúkọ, ìyàwó ọ̀mùtí kò lórúkọ. Òtítọ́ ni pé ọ̀mùtí pàápàá kò ní ju oyè gàgàrà tó fi ara rẹ̀ jẹ lọ, nítorí náà kò tọ́ láti gbé ẹrù tó pọ̀ jù lé àìlórúkọ yìí lórí. Ṣùgbọ́n a kò gbọ́dọ̀ fojú fo iṣẹ́ tí ìyàwó náà ṣe. Nígbà tí owó tán lọ́wọ́ wọn létí odò, ọkọ sọ ara rẹ̀ di ọkọ̀ ojú omi, ìyàwó ló mú àjẹ̀ lọ́wọ́ tó ń tu èrò kọjá, tó ń gba 3d lọ́wọ́ àgbàlagbà. Lópin oṣù kan, £56:11:9d ni wọ́n rí. Òun ló tukọ̀, òun ló gba owó. Tọkọtaya tó wọ Igi Funfun lọ jókòó ti oúnjẹ kì í ṣe ẹni méjì tí ìgbafẹ́ tọ́ sí bákan náà: ọ̀kan ti mu láti kékeré, èkejì ti wa ọkọ̀.

Oko tó di ọgbà ilé-iṣẹ́

Ìwé ìrìn-àjò ti àwọn òyìnbó sọ irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ di ọjà tó tà káàkiri ayé. Under the Tuscan Sun tí Frances Mayes kọ ní 1996 wà lára èyí tó gbajúmọ̀ jù: ilé àgbẹ̀ àtijọ́ lórí òkè ní Toscana ní Ítálì, tábìlì lábẹ́ igi, ẹni méjì, búrẹ́dì, òróró ólífì, wáìnì oko àdúgbò, ọ̀sán tí kò kánjú. Ìwé tó dùn kà ni. Ṣùgbọ́n ilé tó ṣófo ní láti wà kí àlejò tó lè rà á. Fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún, ètò mezzadria ni àgbẹ̀ Toscana fi ń dáko: onílẹ̀ a mú nǹkan bí ìdajì ohun tí oko bá mú jáde, bí ìṣákọ́lẹ̀ tó sanra ju ìṣákọ́lẹ̀ lọ. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì ni àwọn àgbẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ya lọ sí ilé-iṣẹ́ ìlú ńlá, ìjọba fòfin de àdéhùn tuntun irú rẹ̀ ní 1964, òfin mìíràn sì jáde ní 1985 tó fún àgbẹ̀ ní àyè láti máa gba àlejò sóko fún owó. Ilé-iṣẹ́ ló kó àgbẹ̀ kúrò lóko. Oko tó dá wá di ibi ìgbafẹ́.

Ní Agége, ilé-iṣẹ́ ló wá bá oko. Nígbà tí ojú irin láti Èkó dé Ìbàdàn ní 1901, tó gba Ìkẹjà àti Agége kọjá, oko ni gbogbo ibẹ̀. Àwọn oníṣòwò Èkó tí òwò ti dẹnu kọlẹ̀ fún ti yíjú sí ilẹ̀ ibẹ̀ ṣáájú: wọ́n gbin kòkó, wọ́n gbin obì. Jacob Kẹ́hìndé Coker ní oko ńlá ní Ifákò, ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ Agége sì fìdí múlẹ̀ ní 1907. J. B. Webster fi hàn bí oko wọ̀nyí àti ìjọ African Church ti dìmọ́ra, tí àwọn aṣáájú ìjọ náà fi jẹ́ olóko. A. G. Hopkins náà sì fi hàn pé àwọn lébìrà tó wá ṣiṣẹ́ lóko Agége ló gbé ìmọ̀ kòkó padà sí ìlú wọn nílẹ̀ Yorùbá. Níbi tí ọ̀rọ̀ tọkọtaya dé, ó yẹ kí a rántí pé ìjọ yẹn gba olóbìnrin púpọ̀ láyè. Tábìlì ẹni méjì tó wà nínú ìwé òyìnbó kò fi bẹ́ẹ̀ bá ilé olóko Agége mu. Àwo á pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí rẹ̀, ẹni tí yóò sè é á sì pọ̀.

Ní ìparí àwọn ọdún 1950, Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, tí Ìkẹjà wà lábẹ́ rẹ̀ títí wọ́n fi dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní 1967, ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ níbẹ̀ fún àwọn ilé-iṣẹ́. Ní 1962 ni Guinness kọ́ ilé ìpọntí sí Ọ̀gbà. Cadbury tẹ̀ lé e ní Agídíǹgbì. Lọ́nà yìí ni ọtí fi kúrò lórí ọ̀pẹ tó bọ́ sínú ìgò, adẹ́mu sì di ẹni tó wọ aṣọ iṣẹ́, tó ń dúró ti ẹ̀rọ láàárọ̀, lọ́sàn-án tàbí lóru, bí àsìkò iṣẹ́ bá ti kàn án. Ọtí inú ìgò kì í kan ní ọjọ́ kejì. Ẹ̀rọ tó ń pọn ọ́n kì í sì fẹ́ dúró, nítorí náà Ọjọ́ Àìkú kò yàtọ̀ sí ọjọ́ mìíràn fún ẹni tí àsìkò iṣẹ́ rẹ̀ bá bọ́ sí i.

Tọkọtaya tí kò ráyè jókòó

Ẹni tó bá ń wá tọkọtaya òṣìṣẹ́ nínú lítíréṣọ̀ Yorùbá yóò dé ọ̀dọ̀ Láwúwo àti Mórẹ́nikẹ́ nínú Rẹ́rẹ́ Rún, eré oníṣe tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí kọ ní 1973. Láwúwo ni aṣíwájú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Owó ẹgbẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi í pamọ́ sọ́dọ̀ ìyàwó rẹ̀. Àwọn gbájú-ẹ̀ fi ọgbọ́n àrékérekè gbà á lọ. Mórẹ́nikẹ́ gba ẹ̀mí ara rẹ̀, Láwúwo sì ya wèrè. Ìwádìí lórí eré yìí ti gbé ìṣèlú rẹ̀ yẹ̀ wò dáadáa: ìlànà àwọn aláṣẹ, ìrẹ́nijẹ, ọ̀dàlẹ̀ láàárín òṣìṣẹ́. Ilé Láwúwo ni a kò tíì wò tó. Nígbà tí owó ẹgbẹ́ wọ inú ilé náà, yàrá tọkọtaya di báńkì. Ọ̀rọ̀ ọkọ àti aya di ọ̀rọ̀ akápò àti aṣíwájú. Kò sí ibi tí ìgbafẹ́ fi wọlé. Mo-rí-ẹni-kẹ́ ni orúkọ obìnrin yẹn, eré náà kò sì fún un láyè kí ó kẹ́ ẹnikẹ́ni, kí ẹnikẹ́ni má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá kẹ́ ẹ. Ẹni tó bá ka orúkọ náà sókè ní ibi ikú rẹ̀ yóò gbọ́ ohun tí Òkédìjí ṣe láìsọ̀rọ̀ púpọ̀.

Òkédìjí kò sọ pé Ìkẹjà ni, kò sì yẹ kí a fi tipátipá mú un wá síbẹ̀. Ṣùgbọ́n òǹkàwé tó bá mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ìkẹjà ní ìbẹ̀rẹ̀ 1971, ọdún méjì ṣáájú eré náà, yóò ka a pẹ̀lú ojú mìíràn. Ìgbìmọ̀ Adébọ̀ ti dábàá owó ìrànwọ́ fún àwọn òṣìṣẹ́ nítorí ọ̀wọ́n ọjà. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ aládàáni ní kí wọ́n san án fáwọn náà, ìyanṣẹ́lódì sì bẹ́ sílẹ̀ káàkiri. Adrian Peace, tó ṣe ìwádìí láàárín àwọn òṣìṣẹ́ tó ń gbé Agége, sọ nínú Choice, Class and Conflict (1979) pé àwọn tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ pàápàá, àwọn oníṣòwò kékeré àti oníṣẹ́ ọwọ́, gbè sẹ́yìn àwọn tó yanṣẹ́ lódì. Ìdí kò jìnnà: owó òṣù ilé-iṣẹ́ ni wọ́n ń retí. Olóúnjẹ, alátẹ àti onílé ọtí ń gbé lórí owó kan náà. Àkíyèsí yìí ṣe pàtàkì fún lámèyítọ́ ju bí ó ti jọ lọ. Ó fi hàn pé ní Agége ilé ọtí kì í ṣe òdìkejì ilé-iṣẹ́, gẹ́gẹ́ bí ìwàásù àti eré oníwà-rere ti máa ń yà á. Ọ̀kan ni wọ́n. Òṣìṣẹ́ tó ṣe ọtí lọ́sàn-án ló ń fi owó rẹ̀ ra ọtí ní ìrọ̀lẹ́, obìnrin tó ń ta ẹran àyangbẹ níwájú ilé ọtí náà sì mọ ọjọ́ tí owó òṣù wọlé ju akọ̀wé ilé-iṣẹ́ lọ.

Bí ìtàn ìgbádùn bá sì wà lédè Yorùbá tí kì í ṣe ti òṣìṣẹ́, ìrònúpìwàdà ló sábà máa ń jẹ́ owó ìwọlé rẹ̀. Ìtàn Ìgbésí Ayé Èmi Ṣẹ̀gilọlá tí I. B. Thomas tẹ̀ nínú ìwé ìròyìn rẹ̀, Akéde Èkó, ní 1929 sí 1930 ni àpẹẹrẹ àkọ́kọ́: àìsàn àti òṣì ni arúgbó náà fi ń ránti àwọn ọkọ rẹ̀ àti ayé tó jẹ. Adùn ìtàn náà sì ju ìrònúpìwàdà rẹ̀ lọ, gẹ́gẹ́ bí gbogbo òǹkàwé ti mọ̀. Tútùọlá kò béèrè ìrònúpìwàdà lọ́wọ́ ọ̀mùtí rẹ̀ rárá. Owó ló béèrè, ó sì kọ iye rẹ̀ sílẹ̀ títí dé orí kọ́bọ̀. Èyí ló mú kí ìwé rẹ̀ jẹ́ òótọ́ ju ọ̀pọ̀ ìwé tó mọ ìwà rere í kọ́ni.

Orin ló fún fàájì ní ìyìn tí ìwé fi dù ú. Ilé ẹlẹ́mu ní Èkó ni jùjú ti gbéra ní àwọn ọdún 1930, nígbà Túndé King. Lẹ́yìn òmìnira, Ebenezer Obey pe orin tirẹ̀ ní mílíkì, orúkọ náà sì di orúkọ ìgbádùn fúnra rẹ̀. Christopher Waterman, nínú ìwé rẹ̀ lórí jùjú tó jáde ní 1990, sọ pé bí àwọn onílù àti elégbè ti tò sẹ́yìn olórí ẹgbẹ́ jẹ́ àwòrán àwùjọ tí olówó wà lókè tí ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń tì í lẹ́yìn, àwòrán tó ń jẹ́ kí ìpele dà bí ohun tó dùn. Ìtúpalẹ̀ náà jinlẹ̀, ó sì tọ́. Síbẹ̀ ó wo àríyá láti iwájú, láti ibi tí olówó ti ń ná owó mọ́ olórin lórí. Bí a bá gba ẹ̀yìn wọlé, a ó rí i pé òru àríyá jẹ́ òru iṣẹ́ fún onílù, fún alásè tó wà nídìí ìkòkò láti ọ̀sán, fún ẹni tó ń fọ àwo. Ní Ìkẹjà, èyí kò fara sin rárá. New Afrika Shrine tí wọ́n ṣí ní Agídíǹgbì ní 2000 wà láàárín àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá. Ẹni tó bá kúrò níbi ijó ní ìdájí lè bá òṣìṣẹ́ àárọ̀ pàdé lójú ọ̀nà, kí àwọn méjèèjì kí ara wọn kú àárọ̀, kí ìkíni náà má sì túmọ̀ sí ohun kan náà.

Àwọn kan lè sọ pé irú ìkàwé báyìí ń ba ẹmu jẹ́ mọ́ni lẹ́nu, pé ẹni tó bá ń béèrè adẹ́mu ní gbogbo ìgbà kò ní gbádùn agbè kan láyé. Àríwísí náà wúwo, nítorí Yorùbá kò kórìíra ìgbádùn, ìwé Tútùọlá gan-an kò sì kórìíra rẹ̀: ijó inú Igi Funfun dùn, ẹ̀rín ibẹ̀ kì í ṣe ẹ̀tàn, ìyàwó tó ti wa ọkọ̀ náà sinmi níbẹ̀, ó sì tọ́ sí i. Kò sí ẹni tó sọ pé kí wọ́n má wọlé. Ṣùgbọ́n àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé, ìwé náà sì fi èyí hàn láìpa òwe rárá. Ọ̀rẹ́ ọ̀mùtí kò níye nígbà tí ẹmu wà. Ọ̀mùtí nìkan ló dá ìrìn-àjò náà bẹ̀rẹ̀.

Ìpàdé tó kẹ́yìn wà ní ìlú àwọn òkú. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, ọ̀mùtí rí adẹ́mu rẹ̀. Adẹ́mu sọ fún un pé lẹ́yìn tí òun kú, òun lo ọdún méjì níbi ìkọ́ṣẹ́ kí òun tó yege láti di òkú pátápátá, kí wọ́n tó jẹ́ kí òun máa gbé ìlú náà. Ẹni tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣiṣẹ́ tún ní láti kọ́ iṣẹ́ ikú. Ọ̀mùtí kò béèrè bí ìṣubú náà ti rí, tàbí bóyá ó dun adẹ́mu. Ohun tó bẹ̀ ẹ́ fún ni pé kó bá òun padà sílé kó máa dá ẹmu fún òun bíi ti tẹ́lẹ̀. Adẹ́mu fún un ní ẹyin kan, ẹyin tí yóò bọ́ gbogbo ìlú nígbà ìyàn títí yóò fi fọ́, tí pàṣán nìkan yóò sì máa jáde láti inú rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Ní ti iṣẹ́, ó ní òun kò lè padà, òkú kì í bá alààyè gbé. Nínú gbogbo ìwé náà, ibẹ̀ nìkan ni adẹ́mu ti sọ pé rárá.